Orúkọ Ìyá Àgbà Nínú Ìwé Òkú

Ọjọ́ tí mo mú ìyá tó bí bàbá mi lọ wá ìwé ìbí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Akráà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé.

Málọmọ́ lorúkọ rẹ̀. Wọn kò fún un ní káàdì ọmọ Gánà, wọ́n ní Aláta ni, ìyẹn Yorùbá láti Nàìjíríà. Ìyá tó mọ èébú èdè Ga ju àwọn Ga onílẹ̀ Akráà lọ! Àfi kó fi hàn pé Lagos Town, àdúgbò kan ní Akráà, ni wọ́n bí i sí.

Akọ̀wé kan ṣí ìwé àtijọ́ títí. Ó fi èdè Twi sọ fún ìyá àgbà pé, "Nana, ìwé òkú ni mo ti rí Málọmọ́. Orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ bá tiyín mu. Wọ́n ṣàṣìṣe, wọ́n kọ ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Wọn ò ṣàṣìṣe." Ìyá àgbà na ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò lórí. "Òkú ẹ̀kẹta ni wọ́n gé níka. Bí wọ́n ṣe bí èmi nìyí."

Akọ̀wé pa ìwé náà dé kíá. Ó ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kí òun wo ìwé ìbí. Nígbà tó yá, ó pè láti inú yàrá: "Málọmọ́!"

Kí ìyá àgbà tó lanu, ohùn ọmọdé kan dáhùn lẹ́yìn wa: "Mo ń bọ̀ o!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri ni. Mo fẹ́ dìde sá, ìyá àgbà fà mí jókòó.

Wọ́n padà rí ìwé ìbí náà, káàdì sì ti dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá àgbà sọ sí mi létí lórí bẹ́ǹṣì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: "Jẹ́ kó máa lọ. Èmi ò lọ mọ́."