Áásù Tí Bàbá Mi Pààrọ̀

Òórùn ọ́ìlì gíà kì í ṣe òórùn dáadáa. Ó máa ń ta sí imú bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òun ló kí mi káàbọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo bá ọmọ mi ọkùnrin dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan nítòsí Galadimawa. Ọmọ yìí ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó fi ń kó irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga. Áásù rẹ̀, irin gbọọrọ ìdí ọkọ̀ tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti sán.

"Mọ́mì, wọ́n ní àwọn máa fi iná wẹ́dà jó o pọ̀. Kò ní pẹ́ rárá."

Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jó o. Ohùn mi le débi pé wọ́n gbé iná wẹ́dà sílẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan.

Zuba la gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, nígbà tí Abuja ṣì ń kọ́ ara rẹ̀, tí eruku pupa ń bá wa jẹun láti inú abọ́ kan náà. Ìlẹ̀kùn wa kọjú sí ti Bàbá Rìsí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta pákó ní Dei-Dei. Bàbá mi, ará Kàbbà, ló ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó pákó náà lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọkọ̀ ọ̀hún ti darúgbó kó tó di tiwa. Ìyàwó Kékeré ni bàbá mi ń pè é. Ìyá mi kò sì fìgbà kankan rẹ́rìn-ín sí i.

Rìsí ni ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa títí ìsìn á fi parí. Tó bá di Jímọ̀, èmi náà á dúró dè é lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn náà, a ó sáré lọ sọ́jà èso, níbi tí wọ́n ti máa ń fún wa ní ọsàn tó ti rọ̀.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Gàníyù, mẹkáníìkì wa, rá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, irin tó di táyà ọ̀tún mú ti sán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

"Òjò ń bọ̀," ni bàbá mi wí. "Ẹni kan ń dúró de pákó òrùlé. Jó o fún mi ná, tí mo bá dé n ó pààrọ̀ rẹ̀."

"Irin tí wọ́n jó pọ̀ kì í gbàgbé ibi tó ti sán."

Bàbá Rìsí, tó dúró tì wá, ló rẹ́rìn-ín: "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Ọlọ́run ń bẹ."

Bàbá Gàníyù jó o. Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀gangan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Zuba, irin náà ṣẹ́. Táyà yọ, ó dá yí lọ sínú igbó bí ohun tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọkọ̀ dojú dé. Bàbá Rìsí wà lórí pákó tó ń dì í mú, bí gbogbo ayé ti máa ń ṣe nígbà náà. Pákó náà ló wó lù ú. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti sin ín. Bàbá mi gbé apá tó ṣẹ́ kọ́rùn, ó dúró lókèèrè. Kò lè sún mọ́ ibojì.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá áásù kiri. Ó máa ń mú mi lọ, bóyá nítorí pé èmi kì í bi í ní nǹkan kan. Àwa àti Bàbá Gàníyù ń rìn láàárín òkìtì irin àlòkù, bàbá mi ń fi okùn wọn irin láti táyà dé táyà. Èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ dì mú.

"Ti lọ́rì nìyẹn," ni Bàbá Gàníyù wí. "Ẹ má wo títóbi nìkan. Táyà yín á yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn."

Èkejì, ìpẹta ti jẹ bíréèkì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Gàníyù kúnlẹ̀ tì. "Nínú ti àtijọ́ yín, irin tó ń yí táyà náà ló ń ru ẹrù. Ti èyí, páìpù ìta ló ń ru ẹrù. Irin inú kàn ń yí táyà ni. Kódà tí irin inú bá ṣẹ́, táyà kò ní yọ."

"Kò ní yọ?"

"Kò ní yọ, Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé irin náà. "Irú èyí, ṣé ó ti pẹ́ tó ti wà?"

Bàbá Gàníyù wolẹ̀. "Ó ti pẹ́."

Bàbá mi jókòó sínú eruku níbẹ̀, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí.

Nígbà tí Ìyá Rìsí parí opó, àwọn èèyàn rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kó ẹrù rẹ̀. Ìyá Rìsí jáde, ó dúró níwájú ọkọ̀.

"Ṣé òun náà ni?"

"Òun ni, ìyá. Mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Èyí nípọn," ló wí, ó sì wọnú ọkọ̀.

Èmi àti Rìsí fún ara wa mọ́ àárín wọn. Títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, Rìsí kọjú sí títì, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ó ń gbá orúnkún mi mú. Nígbà tí a dé, ó wọlé lọ láì wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ rọra máa wakọ̀ o." Ó tó wákàtí kan kí bàbá mi tó lè ṣíná sí ọkọ̀.

Ọ̀dà ti bo ọ̀nà Zuba báyìí, ilé sì ti kún ibi tí igbó wà. Mo ṣì ń rí àwọn géńdé tó ń jókòó sórí pákó nínú ọkọ̀ tó ń sáré, tí wọ́n ń fi fóònù ṣeré. Áásù bàbá mi kò ṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ní ọwọ́ rẹ̀ ti le jù.

N kò rí Rìsí mọ́. Bóyá ó dárí jì wá, n kò mọ̀. N kò sì lè sọ pé ó yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń dá.