Àǹtí Jẹ́jẹ́ àti Sìlíńdà Kejì

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Àǹtí Jẹ́jẹ́ fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ pàjáwìrì kan náà. Èmi ni awakọ̀, òun ni nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bí mo bá ti sáré díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Jẹ́jẹ́ o, àbúrò. Ẹni tí à ń gbé lọ ṣì fẹ́ padà wálé."

Kò sí ohun tó fẹ́ ṣe sí aláìsàn lára tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún un, kódà ẹni tó ti dákú. "Bàbá, mo fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ o. Yóò ta díẹ̀, ẹ má bínú." Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan ẹni tó dákú á dá a lóhùn, Àǹtí fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Á ní, "Ara tiwọn ni mò ń gún. Ṣé kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ni?"

Kí n má parọ́, iṣẹ́ yìí ti pa nǹkan kan nínú mi. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo máa ń sunkún. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, bí a bá gbé òkú sílẹ̀ tán, mo ti ń jẹun, mo sì ń ṣàròyé pé iyọ̀ pọ̀ jù. Àǹtí náà kì í sunkún. Àmọ́ kò jáwọ́ nínú bíbá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀.

Oògùn àti abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ló ń yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀. Sìlíńdà ọ́síjìn méjèèjì, ti awakọ̀ ni. Ó yẹ kí o ṣí ẹnu wọn, kí o wo ìwọ̀n, kí o tó máàkì ìwé. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ àgbà tó ṣiṣẹ́ òru, tó fẹ́ fa ọkọ̀ lé ọ lọ́wọ́, bá ti ní ó kún, o ò ní ṣí i lójú rẹ̀. Bí o bá ṣí i, o ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Ìka la fi ń kàn án, kó-kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀, a ó sì máàkì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, awakọ̀ àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fa ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Méjèèjì kún dẹ́nu." Mo kàn án kó-kó. Mo máàkì.

Ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n pè wá sílé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Èémí ò dé inú bàbá náà dáadáa, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. A gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì mí níwájú, ó gbé báàgì lé itan. Àǹtí wà lẹ́yìn, ó ti fi ọ́síjìn sí bàbá nímú.

Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe lórí afárá, ọkọ̀ sì ń kọjá níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni sìlíńdà àkọ́kọ́ ti tán. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn orí mi. Mo gbọ́ tí Àǹtí ní, "Mo fẹ́ ṣí ìkejì." Mo gbọ́ bó ṣe ń yí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

"Bàbá, ọ́síjìn ti tán. Ìkejì náà ṣófo. Rọ́bà ọwọ́ yìí ni màá fi máa fẹ́ atẹ́gùn fún yín báyìí. Ẹ má dá mi dá a o."

Ìyàwó ò gbọ́. Fèrè ọkọ̀ ti gba etí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kàn ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Mo ń wo ọwọ́ mi lórí ìdarí ọkọ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró bàbá ti bàjẹ́ púpọ̀, pé bóyá ni ì bá fi yè bó tilẹ̀ rí ọ́síjìn. Bóyá. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin.

Nígbà tí à ń fọ inú ọkọ̀, Àǹtí béèrè lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ lo máàkì ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé o ṣí i?"

"Mo kàn án ni."

Kò bínú. Ì bá wù mí kó bínú. Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ mẹ́ta ló ń bẹ nílé, bó bá dé etí ọ̀gá, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo ní dókítà ti sọ̀rọ̀, kí la tún fẹ́ fi kún ẹkún obìnrin náà? Ó ń fún àkísà rẹ̀ lọ. "Èmi náà ò bi ọ́ léèrè láàárọ̀ òní," ló wí. "Ẹjọ́ àwa méjèèjì ni. Bí o ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó olùkọ́ wá dúpẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú un wọlé sí yàrá tí à ń kọ́ aṣọ iṣẹ́ sí, ó sì dúró tì wá. Màmá náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Wọ́n ní ẹ sa gbogbo ipá yín. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun."

Àǹtí wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo rí i tó fẹ́ la ẹnu, ni tèmi bá ṣáájú.

"Mà, sìlíńdà ọ́síjìn kejì inú ọkọ̀ ṣófo. Èmi ló yẹ kí n ṣí i wò láàárọ̀. Mi ò ṣí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣí i."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Obìnrin náà ò wò mí. Àǹtí ló yíjú sí.

"Ṣé ọkọ mi mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, mà. Mo sọ fún wọn."

"Kí ló wá sọ?"

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀, mà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n rọra fọwọ́ lù mí lórúnkún bí ìgbà tí à ń rẹ ọmọ lẹ́kún."

Màmá náà mi orí, bí ẹni tó mọ ọwọ́ náà. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo jókòó sí. Láti ilé títí a fi débẹ̀, ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún. N ò rántí ọkọ mi nínú àdúrà yẹn. Mo rò pé ọwọ́ ìwọ awakọ̀ nìkan ni ẹ̀mí rẹ̀ kù sí."

"Mà," ni mo wí. Mo kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì náà.