Ìyá Aránṣọ àti Maṣíìnì Kan Ṣoṣo

Omíyalé ló lé Ìyá Aránṣọ kúrò nílé. Ilé wó, maṣíìnì tó ti fi ń jẹun láti ogún ọdún bá omi lọ, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ń sùn lórí ẹní nínú kíláàsì ilé ìwé kan, pẹ̀lú ìdílé mẹ́ta mìíràn. Kò ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ń ṣètò ìrànwọ́ já ẹrù sílẹ̀: búláńkẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, àti àpò ṣòkòtò mẹ́jọ. Àfi bíi pé òmìrán ni wọ́n rán àwọn ṣòkòtò náà fún. Bàbá àgbà kan wọ ọ̀kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Èmi àti ìyàwó mi á jọ máa wọ èyí ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Maṣíìnì ìránṣọ kan wà nínú ẹrù náà. Akọ̀wé tó ń pín in ní aránṣọ tó bá ní ìwé ẹ̀rí nìkan lòun á gbé e fún.

"Ìwé tèmi wà nísàlẹ̀ omi, ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, Mà. Bí mi ò bá rí ìwé, mo máa gbé e padà nírọ̀lẹ́ yìí ni."

"Ṣé ìwé ló ń ránṣọ ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

Ìyá Aránṣọ kò bá a jà. Ó wo akọ̀wé náà láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ fi díẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ."

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣòkòtò rẹ ni. Apá kan rẹ̀ ń gbálẹ̀."

Ó mú ọ̀kan nínú ṣòkòtò òmìrán, ó yá àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bá àwọn olùrànwọ́ wá. Kò fi okùn wọn ẹnikẹ́ni. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí omi dé ṣì wà níbẹ̀, tòun ti òwú inú rẹ̀. Ó ń rán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kánjú, títí wọ́n fi pín ọṣẹ tán.

Akọ̀wé wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ó rìn. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì dọ́gba. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, níbi tó yẹ kó kọ nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí sí, ó kọ ọ́ pé: *Mo wọ̀ ọ́ wò, ó bá mi mu.*

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Aránṣọ gbé maṣíìnì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

"Ó ti bẹ̀rẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sún ẹní rẹ̀.