Kéèkì Tí Màmá Àgbà Fọwọ́ Rí

Bí mo bá tilẹ̀ dàgbà tó Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n pé ẹni ọgọ́rin ọdún ní Ayọ̀bọ̀. Ojú wọn kò ríran mọ́ nígbà náà. Mo ń kọ́ṣẹ́ kéèkì ní Akowonjo, nítorí náà èmi ni mo ṣe kéèkì wọn.

Láàárọ̀, mo fi áísìn ṣúgà funfun bo kéèkì náà, mo wá fi fọ́ọ̀kì fa ìlà sí i ní ìbú àti ní òòró, títí ara rẹ̀ fi dà bí ẹní.

Ìyá mi wò ó. "Kò ní òdòdó, kò ní àwọ̀. Kí ni àwọn àlejò fẹ́ wò?"

"Màmá àgbà ni mo ṣe é fún, mà."

Nígbà tí ẹbí pé tán, mo gbé ọwọ́ Màmá àgbà lé kéèkì náà. Ìka wọn rọra ń tẹ̀lé àwọn ìlà náà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹní rèé. Ta ló hun ún?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ kí a gé e títí ọwọ́ wọn fi yí i ká. Ìyá mi ń nu omijé. Mo ti ṣe kéèkì aláràbarà púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni tíì fi sùúrù wò tó bẹ́ẹ̀.