Páálí Fíríìjì Greta

Ìgbà òtútù kan ṣoṣo ni Lorna Strickler sọ pé òun máa lò nílé ìyá ọkọ òun. Ìyá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ni Vern, ọkọ Lorna, bá ní kí àwọn lọ bá a gbé títí ara rẹ̀ á fi le. Ara ìyá le o. Ó le débi pé tó bá pariwo ní pálọ̀, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù kọkànlá ló ń bọ̀ lọ́nà yìí, Lorna ò tíì di ẹrù.

Ìlú kékeré ni Harlan Creek, ní Ohio. Vern ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọjọ́ méjì péré ló ń lò nílé lọ́sẹ̀, oorun ló sì ń fi méjèèjì sùn. Lorna ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Tó bá ti ìdí ìkòkò ìjọba dé, ìkòkò ilé á gbà á lálejò. Èyí nìkan tó ẹrù fún ẹni ọdún méjìdínlógójì. Àmọ́ ẹrù kan tún wà tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún un kó tó gbà láti fẹ́ Vern: páálí.

Ọgbọ̀n ọdún ni Mama Hester, ìyá Vern, fi ń fi páálí ṣe aṣọ Halloween fún àwọn ọmọ àdúgbò, ìyẹn aṣọ ìṣeré tọ́mọdé ń wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn kiri tọrọ súìtì. Ọkọ̀ panápaná ni o, róbọ́ọ̀tì ni o, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni o, ohun tọ́mọ bá ti dárúkọ, Mama á gé e jáde látinú páálí. Nígbà tí làkúrègbé wá ká a níka, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó bi Lorna léèrè. Ó kàn ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ó bá páálí gègèrè níwájú ilé, àwọn ìyá ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín sí i pé, "Lorna, a mọ̀ pé o ò ní já wa kulẹ̀." Láti ọjọ́ náà, tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, inú yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n ń rọ́ Lorna sí, ó di ìparí oṣù kẹwàá kó tó jáde. Ẹ̀wọ̀n ni mo pè é, ẹni tó bá ní orúkọ mìíràn fún un kó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní oore ni igúnnugún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀. Orí Lorna ò tíì pá ní tiẹ̀, àmọ́ ọ̀dà kì í tán nínú irun rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Greta, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ti Greta ni wọ́n máa ń ṣe gbẹ̀yìn, àjẹkù páálí ni wọ́n sì máa fi ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, dáìsì ló jẹ́, torí páálí kékeré kan ló ṣẹ́kù, tí kíkun ojú dáìsì ò sì gba àkókò. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, dáìsì náà ni. Ọmọ náà ò sunkún. Ó tọrọ súìtì rẹ̀ délé, ó jẹ ẹ́, ó sùn.

Ṣùgbọ́n tọdún yìí yàtọ̀. Ọmọ tó bá ti wọ ilé ìwé àwọn ńlá kì í kan ilẹ̀kùn kiri mọ́ ní Harlan Creek, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí. Halloween tó kẹ́yìn fún Greta nìyí, òun àti ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ló wá bá Lorna nídìí abọ́.

"Mọ́mì, mo fẹ́ jẹ́ ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi. Irú èyí tá a rí létí adágún."

Lorna rántí ọjọ́ adágún yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àwọn méjèèjì nìkan ló lọ, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín títí oòrùn fi wọ̀.

"O máa jẹ́ ẹ."

"Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Tìrẹ ni màá kọ́kọ́ ṣe. Mo búra fún ẹ."

Wọ́n lọ tọrọ páálí fíríìjì gíga kan ní ṣọ́ọ̀bù. Lorna kọ GRETA gàdàgbà sára rẹ̀, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá abẹ́ ilé, ó ra ọ̀dà pupa àti funfun, ó tún ra tọ́ọ̀ṣì kan fún orí rẹ̀. Ohun gbogbo pé, àyè láti ṣe é nìkan ni kò sí.

Ìgbà tí oṣù kẹsàn-án dé, àwọn èèyàn dé. Orí àga lẹ́nu àtẹ̀gùn ni Mama Hester ti ń pàṣẹ sísàlẹ̀.

"Lorna! Bonnie Pfister ti mú ọmọ rẹ̀ dé o! Ọkọ̀ ojú irin ló fẹ́!"

"Mama, mẹ́fà ló ti wà nílẹ̀."

"Mẹ́fà lo ń kà fún mi? Mẹ́rìnlá lèmi ń ṣe, toyún toyún!"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ti Greta ná."

"Ẹsẹ̀ wo ni Greta fẹ́ fi sá lọ? Ti ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi ń mọ orúkọ ilé yìí. Gbà á lọ́wọ́ wọn, má dójú tì mí."

Lorna la ẹnu láti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni rárá, ọmọ ọdún méjì ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Dípò kó sọ ọ́, tépù ìwọnṣọ ni Lorna mú. Ó gba ọmọ Pfister. Ó gba méjì mìíràn lé e, wọ́n di mẹ́sàn-án.

Oòrùn oṣù kẹsàn-án yẹn mú gan-an, ṣẹ́ẹ̀tì pénpé làwọn ọmọ wọ̀ wá wọn ara. Mama tún pariwo látòkè pé, "Ṣé orí kóòtù lo ti ń wọ̀n wọ́n?" Kò sí ìyá ọmọ tí kò mọ̀ nílùú náà pé orí kóòtù òtútù ni wọ́n ti ń wọn aṣọ Halloween, torí yìnyín kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bọ́. Lorna náà mọ̀. Àmọ́ kí ọmọ tó sá lọ sílé lọ gbé kóòtù wá, ìdajì wákàtí ti lọ, ìdajì wákàtí yẹn ló sì fẹ́ kó jọ fún Greta.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama," ló fi dáhùn. Irọ́ ni.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Halloween gan-an. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni fèrè panápaná máa dún, kí àwọn ọmọ tó jáde. Ohun tí Lorna ti ṣètò ni pé, tóun bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méjì, wákàtí mẹ́rin gbáko jẹ́ ti Greta. Kò tíì bọ́ bàtà tí Bonnie Pfister fi kan ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, páálí há a láyà.

"Lorna, kò wọlé o! Kò gba kóòtù rárá!"

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Aṣọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni kò gba kóòtù. Ó di dandan kó la gbogbo wọn lẹ́yìn, kó fi páálí fífẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì dí àárín. Nígbà tó fi máa tún ẹ̀kẹrin ṣe, àjẹkù páálí ti tán porogodo. Ó yíjú sí páálí Greta ní kọ̀rọ̀.

Greta wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti wọ kóòtù tirẹ̀ sílẹ̀ látìgbà tó ti ilé ìwé dé.

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ mú," ni Lorna wí. "Ilé gogoro kúkúrú náà ń tànmọ́lẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ nìkan, Mọ́mì?"

"Ìsàlẹ̀ nìkan."

Ó gé e. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó tún gé e. Ó gé e fún ẹ̀keje, ó gé e fún ẹ̀kẹjọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kò gé ìkankan wọ́. Lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin ọmọ Pfister ni lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ Greta bá lọ. Kò wojú ọmọ rẹ̀ mọ́, ojú ń tì í.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, aago mẹ́fà ku díẹ̀. Ìdajì páálí tí GRE wà lára rẹ̀ ò sí ní kọ̀rọ̀ mọ́. Greta náà ò sí lórí àtẹ̀gùn.

"Mama! Greta ńkọ́?"

"Ó ti jáde. Ó lóun ti ṣe tòun fúnra òun. Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ pé kò ní sá lọ."

Fèrè dún. Lorna sáré jáde láìwọ kóòtù, épírọ́ọ̀nù tó fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lára rẹ̀, ọ̀bẹ tó fi ń gé páálí ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Iwájú ilé Bonnie Pfister ló ti rí i. Ọmọ náà ti da páálí dé ara rẹ̀ látorí dé orúnkún. Kò sí ihò apá kankan. Fèrèsé tín-ín-rín kan ló gé síbẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò níbẹ̀. Ó so tépù ìwọnṣọ mọ́ ara páálí bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá ta ọ̀dà pupa àti funfun sí orí rẹ̀ tótòtó.

"Ta lèyí o?" Bonnie gbé abọ́ súìtì dání. "Kí nìwọ jẹ́, ọmọ dáadáa?"

"Mọ́mì mi ni mí."

Bonnie bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mọ́mì ẹ dà?"

"Wọ́n wà nínú. Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

"Yéè! Báwo ni mo ṣe máa wá fún ẹ ní súìtì?"

"Ẹ dà á sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ máa lọ. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe sí wọn nìyẹn."

Bonnie rẹ́rìn-ín débi pó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ìgbà náà ló rí Lorna nínú yìnyín. "Lorna, wá gbọ́ ọmọ ẹ! Ó mà dáa tó o wá. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ mi ti ń dárúkọ bàálù fún ọdún tó ń bọ̀, mo ní kí n tètè sọ fún ẹ."

Lorna ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó di páálí náà mú, ó gbé e sókè. Kò gbé. Greta ti fi sẹ́lótépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kóòtù rẹ̀ látinú, yípo yípo, bó ṣe máa ń rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe é.

"Báwo lo ṣe fẹ́ jáde?"

"Mi ò mọ̀," ni Greta wí. Ohùn rẹ̀ kéré nínú páálí. "Mi ò ro ibẹ̀ yẹn."

Lorna yọ ọ̀bẹ.

"Ẹ rọra o, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí látojú fèrèsé. "Ẹ má bà á jẹ́ jù. Wọ́n á ṣì nílò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọwọ́ Lorna dúró. Ó wo Bonnie, ó wo abọ́ súìtì, ó wo ojú méjì tó wà nínú páálí.

"Rárá," ló wí. Bonnie ní, "Kí lo wí?" Lorna fi ọ̀bẹ sí orí páálí náà, ó fà á látòkè délẹ̀, kò sì wọ̀n ọ́n kó tó gé e.