Ọyẹ́ Tí Wọ́n Pa Iná Ilé Wa

Inú ṣì ń bí mi. Mo ti darúgbó, eyín mi ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí pàápàá ti ní ọmọ, síbẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í là, inú á tún máa bí mi bí ẹni pé àná ni. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwa àgbà obìnrin ní ìwé kíkọ nínú ìjọ, mo ti pinnu pé ohun tí màá kọ́kọ́ kọ nìyí.

Ní Ṣakí ni, nígbà tí a ṣì ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé, tí páànù kò tí ì dé agbo ilé wa. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe ọyẹ́ eré. Kànga gbẹ débi pé ẹrẹ̀ là ń fà jáde, odò ni a ti ń pọnmi, láàárọ̀ nìkan, torí pé ó jìnnà. Òrí inú igbá dì gbagidi, èékánná la fi ń ha á ká tó rí èyí tí a ó fi pa ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, afẹ́fẹ́ ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹyọ ògúnná kan fò láti ojú ààrò, ó bọ́ sórí bẹẹrẹ, kí a tó pariwo, ìdajì agbo ilé ti di eérú.

Nítorí náà ni baálé wa ṣe ṣòfin. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti ń jà, iná kankan kò gbọdọ̀ sí lágbo ilé. Òun fúnra rẹ̀ á máa wọ yàrá dé yàrá, á máa ti ọ̀pá bọ inú eérú ààrò wa wò. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó mú àpáàdì, a ó lọ fọn iná wá láti agbo ilé kejì, a ó sì dáná. N kò ní purọ́, òfin náà dára. Mo ti rí ilé tó ń jó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ méjì ni afẹ́fẹ́ fi jà tí kò rọlẹ̀ láàárọ̀, tí kò rọlẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀kọ tútù la ń jẹ, wàrà tí àwọn Fúlàní gbé wá la fi ń sìn ín.

Ọjọ́ tó ṣáájú kí afẹ́fẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo bímọ. Ọmọkùnrin ni, àkọ́bí mi, oṣù rẹ̀ kò sì pé. Kò ju ọmọ ehoro lọ. Ọkọ mi wà lóko lọ́nà Ìpàpó, ó ń wu iṣu, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti bí. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú mi.

Ọwọ́ ìyá ọkọ mi mọ́ nínú ọmọ wíwẹ̀. Láti agbo ilé mìíràn ni wọ́n ti ń wá pè é pé kó wá wẹ ọmọ fún àwọn. Ọ̀rọ̀ kan ló sì máa ń sọ: “Ọmọ tí a kò bá wẹ̀ kúnná ní kékeré, yóò rùn títí ọjọ́ ogbó. Wọn ò ní bú ọmọ, ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ni wọn ó bú.” Òórùn abíyá ni ó ń bẹ̀rù, bí ẹlòmíràn ṣe ń bẹ̀rù ejò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ omi gbígbóná wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sí iná, mo sì rò pé ìwẹ̀ ti dópin nìyẹn títí afẹ́fẹ́ yóò fi rọlẹ̀. Ta ló sọ fún mi? Ìyá na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ mi sórí wọn, ó bu omi inú àmù, omi tó sùn nínú ọyẹ́ mọ́jú, ó sì dà á lé e lórí.

Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan. Kò ké mọ́. Ìyá ń fi kànrìnkàn bó o lọ, ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kì í. Nígbà tó fi máa gbé e fún mi, ara ọmọ ti rí bí eérú, ètè rẹ̀ dúdú. Mo tú ìró, mo gbé e sáàárín ọmú mi méjèèjì, mo fi gbogbo aṣọ tí mo ní wé àwa méjèèjì pọ̀. Ó tó ìgbà tí oòrùn kan àtàrí kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Ó ní, “Ìyàwó, ọmọ mélòó lo ti bí rí? Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, màá tún un wẹ̀.”

Ó gbé igbá omi náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìyókù omi tó wà nínú ilé nìyẹn. Mo jókòó, mo ń wo omi yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ pé ọmọ yìí kò ní la ìwẹ̀ kejì já.

Ibẹ̀ ni mo wà tí òórùn tábà fi gba ara ògiri wọlé wá bá mi.

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í jáde síta kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Mo jáde. Mo gbé ọmọ sí àyà, mo gba ojúde kọjá nínú eruku, mo bá baálé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó sórí awọ, ìkòkò tábà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tú èéfín.

“Ìyàwó! Kí lo wá ṣe níta? Ọmọ ò tíì jáde.”

“Bàbá, iná ni mo wá tọrọ. Òtútù fẹ́ pa ọmọ.”

“Iná ò sí lágbo ilé yìí. Ṣé o ò gbọ́ òfin ni?”

“Iná wo ló wà lẹ́nu yín, Bàbá?”

Ó yọ ìkòkò náà lẹ́nu, ó wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi sí i. “Èyí? Tábà nìyí. Iná tábà kì í ṣe iná ìdáná.”

Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin tó ń ti ọ̀pá bọ inú eérú mi. Mo bojú wẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àpáàdì tó fi eérú bo ògúnná sí. N kò kúnlẹ̀, n kò bẹ̀bẹ̀. Mo fi etí aṣọ mú àpáàdì náà, mo mú igbá kan tó wà níbẹ̀ dé e, mo sì yí padà. Ó ń pariwo, gbogbo ilé ń pariwo. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè gbé ògúnná kan kúrò lọ́wọ́ mi kí gbogbo wa máa sùn nígbó. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń lọ.

Mo wọ yàrá. Àjà alámọ̀ wà lókè rẹ̀, ògúnná kò lè ta dé bẹẹrẹ, ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Mo kó igi wẹ́wẹ́ lé ògúnná, mo fẹ́ ẹ, ó mú. Èmi àti ọmọ mi yáná níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi jẹ ẹ̀kọ kan tán. Ìyá já wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. “O fẹ́ jó wa run!” Ó gbé igbá omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á sórí iná mi.

Eérú gba gbogbo yàrá. Mo bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú. Ìgbà tí mo nujú tán ni mo rí i tó ń wo inú igbá. Igbá ti ṣófo. Kò sí omi ìwẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa lọ sódò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ó bọ́ aṣọ òfì ọrùn rẹ̀, ó jù ú sórí wa, ó sì jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí àwọn tó lọ sódò tó pọnmi dé, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀.

Ọmọ mi yè. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ baálé, mo fàáké kọ́rí. Ní ti ìyá, kò sọ ọ́ rí pé òun ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tó kù fún un láyé, á pe ọmọ náà, á ní kó gbápá sókè, á gbóòórùn abíyá rẹ̀, á ní kó máa lọ. Kò gbóòórùn nǹkan kan níbẹ̀ rí. Mo máa ń dúró, mo máa ń retí gbólóhùn kan péré. Ó kú láì sọ ọ́.

Inú ọyẹ́ ló kú sí. Páànù ti wà lórí ilé wa nígbà náà. Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ bu omi inú àmù wá, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tutù wọ egungun. Mo ní kí wọ́n gbé e kaná. Wọ́n ní, “Ìyá, òkú kì í mọ òtútù.”

Mo ní, “Mo ní kẹ́ ẹ gbé omi kaná.” Inú ń bí mi, mo sì jókòó ti ààrò náà títí omi fi gbóná.