Kànga Tó Bímọ ní Ìkòsí

Mo ṣì ń rántí òórùn omi tí à ń mu ní Ìkòsí, ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀: ó ń rùn bí ewé jíjẹrà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin á máa fi igbá họ ẹrẹ̀, inú á sì máa run àwọn ọmọ. Nígbà tí kánsù wá ní àwọn yóò fi owó orí wa gbẹ́ kànga fún wa, a yọ̀ bí ẹni tó jẹ oyè.

Àwọn agbẹ́kànga kan òkúta, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kò sí omi. Síbẹ̀, kánsẹ́lọ̀ wa, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ọ̀gá òyìnbó kan ń bọ̀ láti Ìkẹjà wá ṣí i. Ní ìdájí ọjọ́ náà, lọ́rì gbé omi odò wá nínú dúróòmù, wọ́n dà á sínú kànga. Gbogbo wa la gbọ́. Àwọn àgbà bá pè mí, nítorí mo ka ìwé díẹ̀: “Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Bi àlejò léèrè. A wà lẹ́yìn rẹ.”

Wọ́n wà lẹ́yìn mi lóòótọ́. Bí ẹ̀yìn náà ti jìnnà tó ni n kò bi wọ́n.

Obìnrin tó dàgbà jù ló máa ń kọ́kọ́ fa omi kànga tuntun nílùú wa. Nígbà tí àlejò jókòó tán, ìyá àgbà tó kàn fa korobá sókè, ọmọ ẹja ń jà nínú rẹ̀. Ó kígbe:

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kànga àná yìí mà ti bímọ!”

Ẹ̀rín sọ. Mo dìde. Mo fi gẹ̀ẹ́sì bi àlejò pé níbo lomi yìí ti wá. Ohùn tó jáde jọ ti àgbò láàárọ̀ Iléyá. Ọ̀gá náà fẹ́ la ẹnu, kánsẹ́lọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: “Ọmọ ta nìyí? Èmi lò ń dójú tì níwájú àlejò?”

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ pariwo: “Dọ̀bálẹ̀! Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ni!”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà pé sọ́jà, àwọn gan-an ló wọ́ orí náà. Mo nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. Àlejò pàtẹ́wọ́, ó ní wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kànga gbẹ, àwọn obìnrin padà sódò.

Ilé ti bo ibẹ̀ báyìí, a sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Láìpẹ́ yìí, nípàdé onílé, ọ̀dọ́ kan bi kánsẹ́lọ̀ òde òní pé ẹ̀rọ omi tí wọ́n wá ṣí fún wa ńkọ́. Ẹnì kan jágbe: “Ọmọ ta nìyí?” Mo dìde, mo ní, “Ọmọ mi ni. Kò ní í dọ̀bálẹ̀. Ẹ dá a lóhùn.”

Wọn ò tíì dá a lóhùn o. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ kan ẹrẹ̀.